Igbó tó hù padà, ta ló ni owó rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ owó kábọ́nù la mú wá.

Igi máa ń fa afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná, á kó o sínú ìtì àti gbòǹgbò. Wọ́n á wọn ìtì igi, wọ́n á ṣírò rẹ̀ ní tọ́ọ̀nù, ìyẹn ni wọ́n ń tà.

Ní Humbo, ní Ethiopia, àwọn àgbẹ̀ dá ẹgbẹ́ méje sílẹ̀ lórí òkè tí igi ti tán, ó ju hẹ́kítà 2,700 lọ. Kùkùté tó ṣì láàyè ni wọ́n tọ́jú jù: wọ́n dá ọ̀mùnú tó dáa sí, wọ́n gé ìyókù, wọn ò jẹ́ kí ẹran wọ ibẹ̀. Báǹkì Àgbáyé wà lára àwọn tó rà á. Àmọ́ wọ́n dúró: iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2006, 2010 ni ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́ jáde.

Ẹ gbọ́ o: ẹni tó bá gé igbó lónìí kó lè gbin òmíràn lọ́la kò ní rí owó yìí gbà. Ilẹ̀ tí igi ti tán tipẹ́ ni wọ́n ń kà.

Kí ẹ tó tẹ̀ka, ẹ bèèrè: Ọdún mélòó ni? Kí ni ìpín onílẹ̀, àti ti ẹni tó gba ilẹ̀ dáko? Níbo làwọn ìyá wa á ti ṣa ẹ̀mí àti igi ìdáná? Ẹ ní kí wọ́n ka ìwé náà fún yín ní èdè wa.