Ọ̀dà Ń Dán Lóde, Egungun Ti Kán Nínú: Àṣírí Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ Tó Ti Forí Gbárí Rí

Kò sí ìyá ọlọ́jà tó máa ra àpò gaàrí láì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ nísàlẹ̀. Ó mọ̀ pé funfun ni wọ́n máa ń kó sókè, èyí tó ti bu ló máa ń wà nísàlẹ̀. Ẹlẹ́ja á ṣí etí ẹja wò kó tó dá a lówó. Aláṣọ á fi àtàǹpàkò ra aṣọ wò bóyá á ṣí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti mọ́tò, àwọn ọlọ́gbọ́n wọ̀nyí kan náà á dúró lókèèrè, wọ́n á máa wo ọ̀dà tó ń dán bí awò, wọ́n á ní, “Èyí mà rẹwà o!” Owó àjọ ọdún mẹ́ta ti lọ nìyẹn.

Nígbà kan, ọkọ̀ tuntun kì í ṣe ohun àwòmọ́jú. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen ní Èkó, ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná, tíṣà àti nọ́ọ̀sì sì ń yá owó níbi iṣẹ́ láti fi ra tuntun. Nígbà tí ìjọba ológun Babangida gbé ètò SAP dé ní 1986, tí náírà já wálẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, ọ̀rọ̀ yí padà. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tí wọ́n gbé wálé ni àwọn èèyàn wá fún ọkọ̀ àlòkù láti òkèèrè: Tòkunbọ̀. Kí àwọn tó ń jẹ́ orúkọ náà gan-an má bínú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì mọ̀ nínú ìtàn náà ni bí ọkọ̀ tó ti fọ́ ṣe ń di ọkọ̀ tó ń dán. Ní Amẹ́ríkà, bí ọkọ̀ bá forí gbárí, ilé iṣẹ́ adójútòfò á ṣírò ohun tí àtúnṣe rẹ̀ máa ná wọn. Bí owó náà bá ti sún mọ́ iye tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tó, wọn ò ní tún un ṣe mọ́. Wọ́n á san owó fún ẹni tó ni ín, wọ́n á gba òkú ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé rẹ̀ á sì gba òǹtẹ̀ “salvage”, ìyẹn ni pé òkú ọkọ̀ ni. Ọjà gbàǹjo ló kàn. Copart àti IAA wà lára àwọn tó tóbi jù nídìí òwò yìí, àwọn oníṣòwò láti gbogbo ayé sì ń ra ọkọ̀ níbẹ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára, tàwa náà wà níbẹ̀. Àwọn tí omi bò náà ń bá wọn wá. Nígbà tí ìjì Harvey kọ lu Houston lóṣù kẹjọ ọdún 2017, ọkọ̀ tí omi bò mọ́lẹ̀ lé ní 100,000 dáadáa.

Kò tíì sí irọ́ nínú èyí o. Òkú ọkọ̀ ni wọ́n pè é, òkú ọkọ̀ ni wọ́n tà. Ìgbà tó bá gúnlẹ̀ sí Àpápá tàbí Kútọnù ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì á wá láti Ládípọ̀, iná iwájú á wá láti ibòmíràn, panẹ́lì-bítà á na irin, olọ́dà á kùn ún. Òǹtẹ̀ tó wà lára ìwé Amẹ́ríkà kì í sì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa rà á. Ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé ọ̀nà Sẹ̀mẹ́ tàbí Ìdìrókò mọ̀ pé òfin lọ́tọ̀, ọ̀nà igbó lọ́tọ̀.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan wà ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, tí kò yẹ kí orúkọ rẹ̀ jáde nítorí àwọn ọmọ rẹ̀. Ó kó àjọ, ó yá owó lé e nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó fẹ́ ra Toyota Sienna tí àkọ́bí rẹ̀ á máa fi kó èrò lọ sí Èkó. Ọmọ àdúgbò ni alágbàtà tó mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tà á.

“Ìyá wa, ẹ gbọ́ mi yé,” ni alágbàtà wí. “Dókítà obìnrin kan ló ń wà á lọ́hùn-ún. Ilé ìwòsàn àti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń gbé e lọ. Ẹ wo ara ẹ̀ bó ṣe ń yọ̀.”

“Ṣé kò ti ní jàǹbá rí?”

“Háà, jàǹbá kẹ̀? Kí n má rí ire ọmọ mi bí mo bá parọ́ fún yín.”

Ó sanwó. Kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó pé, táyà iwájú lápá òsì ti jẹ dé wáyà. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, òmíràn tún jẹ. Ọmọ náà ní bí òun bá ti sáré díẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀, ńṣe ni ọkọ̀ ń fà lọ sí ẹ̀gbẹ́ bí ewúrẹ́ tó rí iṣu. Wọ́n ṣe aláìnmẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹni tó ń ṣe é tó là á mọ́lẹ̀: “Màmá, kì í ṣe táyà ló ń ṣe é. Ẹ wá wo abẹ́ ẹ̀.”

Wọ́n gbé ọkọ̀ sókè. Irin gbọọrọ tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró ti ká rí. Wọ́n ti fi iná nà án, wọ́n jó irin mìíràn mọ́ ọn, wọ́n sì fi ọ̀dà dúdú bo ojú ọgbẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n wá ṣí dáṣíbọọ̀dù níwájú ibi tí èrò ń jókòó sí, ibi tí ẹ́ábáàgì yẹ kó wà, ìyẹn báàgì tó ń wú jáde láti gba èèyàn dúró bí ọkọ̀ bá gbá nǹkan, òfìfo ni. Fóòmù ni wọ́n fi dí i, wọ́n sì rán awọ lé e lórí.

Ìyá náà ò sunkún. Ohun tó ń tún sọ ṣáá ni pé, “Èmi tí mò ń ki ọwọ́ bọ àpò èlùbọ́ lójoojúmọ́!”

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tó ti gbá nǹkan rí ló burú. Bí ó bá jẹ́ pé bọ́ǹpà tàbí ilẹ̀kùn ni wọ́n pààrọ̀, kò sí ìṣòro, bí wọ́n bá ti lè sọ ọ́ kí owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Ohun tó ń pa èèyàn ni ṣásì tó ti ká àti ẹ́ábáàgì tí kò sí. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti ṣe iwájú rẹ̀ lọ́nà tó fi máa rún, kí agbára ìgbá náà lè parí síbẹ̀ kó má dé ọ̀dọ̀ èèyàn. Irin tó ti ká tí wọ́n wá fi iná nà kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn bó ṣe yẹ mọ́. Bí ọkọ̀ bá tún gbá nǹkan, àyà dírẹ́bà àti orúnkún èrò iwájú ni yóò gba ìyókù.

Níbo wá lèèyàn á ti ki ọwọ́ bọ ọkọ̀? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ọ̀tì. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo àwọn nọ́ọ̀tì tó dè é mú àtàwọn tó de mọ́gáàdì. Bí ọ̀dà orí wọn bá ti ha, sípánà ti kàn wọ́n. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì àti mọ́gáàdì lọ́tùn-ún lósì: bí apá kan bá fẹ̀ tí ìkejì fún, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ wo rọ́bà etí ilẹ̀kùn àti ti gíláàsì, bí ọ̀dà bá ta sí i, wọ́n ti kùn ún nílé. Òòfà kékeré, irú èyí tó wà lára gbohùngbohùn rédíò tó ti bàjẹ́, dára ju ẹnu alágbàtà lọ: ẹ fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ wé e, ẹ máa gbé e kan ara irin ọkọ̀ káàkiri. Ibi tí kò bá ti mú lára irin, fílà ni wọ́n fi dí i.

Ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú búùtù kúrò, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé táyà ìpààrọ̀ jáde. Ojú ibi tí ilé iṣẹ́ ti jó irin máa ń rí tótòtó ní ọgbọọgba, bí ẹni fi ìka tẹ iyán. Èyí tí wẹ́ídà wa jó máa ń ní kókó bí ojú àpá. Bí ẹ bá rí iyanrìn tó gbẹ nínú kòtò táyà, tàbí ìpẹtà lára nọ́ọ̀tì abẹ́ ìjókòó, tí òórùn ògbólógbòó aṣọ tútù sì ń jáde, omi ti bo ọkọ̀ yẹn rí. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán pátá. Ẹrẹ̀ máa ń wà lápá tí ẹnikẹ́ni kì í fà dé.

Ọgbọ́n kan tún wà tí kò ná èèyàn ní kọ́bọ̀. Ẹ da omi sílẹ̀ ní ibi tó tẹ́jú, kí wọ́n wa ọkọ̀ kọjá lórí rẹ̀ ní tààrà. Ojú ẹsẹ̀ táyà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ tọ ti iwájú. Bí ó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ajá tó ń rìn gbẹ̀ẹ́rẹ́, ara rẹ̀ ti wọ́.

Ti ẹ́ábáàgì gba sùúrù. Bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ láì tíì tan ẹ́ńjìnnì, iná kékeré kan tó ní àwòrán èèyàn tó jókòó pẹ̀lú bọ́ọ̀lù níwájú gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú láìpẹ́. Bí kò bá kú, àìsàn wà. Bí kò bá tilẹ̀ tàn rárá, ẹ fura gidi, àwọn kan máa ń yọ gílóòbù rẹ̀. Àwọn kan tún gbọ́n jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á so ó mọ́ iná mìíràn kó lè máa tàn kó sì máa kú bí ẹni gbọ́ràn. Ìdí nìyí tí rẹwáyà tiyín fi gbọ́dọ̀ so ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn ọkọ̀ mọ́ ọn.

Nọ́ńbà ṣásì náà ń sọ̀rọ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, kò sì ní I, O tàbí Q nínú. Ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lọ́dọ̀ dírẹ́bà, ó tún wà lára bébà òpó ilẹ̀kùn. Kí méjèèjì bára mu, kí wọ́n sì bá ìwé aṣọ́bodè mu, torí àwọn kan máa ń gé iwájú ọkọ̀ kan mọ́ ẹ̀yìn òmíràn bí ẹni dá aṣọ méjì pọ̀. Kí ọmọ yín tó mọ fóònù lò tẹ nọ́ńbà náà sórí Google. Lọ́pọ̀ ìgbà, fọ́tò tí wọ́n yà nígbà gbàǹjo ló máa jáde, tòun ti iwájú tó rún wómúwómú. Carfax àti AutoCheck ń ta ìtàn ọkọ̀, wọ́n sì wúlò, ṣùgbọ́n jàǹbá tí ẹnikẹ́ni ò fi sùn tàbí èyí tó ṣẹlẹ̀ nílé níbí kò ní sí níbẹ̀.

Ẹni tí ẹ máa mú lọ ńkọ́? Kì í ṣe mọkáníìkì nìkan. Mọkáníìkì á gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, á ní ó dáa. Panẹ́lì-bítà ló mọ irọ́ panẹ́lì-bítà. Ẹ sanwó fún un, ẹ má jẹ́ kí ó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà. Bí wọ́n bá ní ẹlòmíràn ti ń gbé owó bọ̀, kí ẹ yára, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn náà máa gbé e bọ̀.

Òfin ò sùn pátápátá. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 lòdì sí kí ọlọ́jà purọ́ nípa ohun tó ń tà, àjọ FCCPC ló sì ń gba ẹ̀sùn. Ṣùgbọ́n rìsíìtì ìyá ẹlẹ́lùbọ́, orúkọ ọkọ̀ àti iye owó nìkan ló wà lórí rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ pé ọjà tí àwọn bá ti tà, àwọn kì í gbà á padà. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó tà á, nọ́ńbà ṣásì, àti ìlà kan: “Wọn ò jó ṣásì ọkọ̀ yìí rí, ẹ́ábáàgì rẹ̀ sì pé.” Ẹni tó bá ń fi ọmọ rẹ̀ búra tí kò sì lè kọ ìlà yẹn ti dá yín lóhùn. Bí ẹ bá sì rí àbùkù lẹ́yìn tí ẹ ti rà á, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Alágbàtà náà padà wá bá ìyá ní Bódìjà. Ó ní ẹni tó ta ọkọ̀ ti rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n ọ̀nà àbáyọ wà: kí wọ́n tún ọkọ̀ kùn, kí wọ́n gbé e lọ sí Ìlọrin, wọn ò mọ̀ ọ́n níbẹ̀.

“Ọmọ ta ni yóò wá jókòó síwájú ẹ̀?” ni ìyá bi í.

Aràrọ̀mí ní Agodi Gate ni wọ́n ti tú u tà, ẹ́ńjìnnì lọ́tọ̀, gíà lọ́tọ̀, ilẹ̀kùn lọ́tọ̀. Owó tó wọlé kò tó ìdajì, wọ́n sì ṣì ń yọ gbèsè alájẹṣẹ́kù lóṣooṣù. Ara ọkọ̀ tó ṣẹ́ kù, àwọn tó ń ra irin àlòkù ló gbé e, wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, wọ́n sanwó rẹ̀ ní kílò.