Ìdáwó Lórí Ìkànnì Ìbánidọ́rẹ̀ẹ́: Bí A Ṣe Lè Kó Ará Ìlú Jọ fún Iṣẹ́ Àánú

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé bí a ṣe lè lo ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ láti pe ará ìlú sí ìdáwó fún iṣẹ́ àánú. Èrò wa ni pé ìgbẹ́kẹ̀lé ni ó ń mú ènìyàn dáwó. Ìkànnì kàn ń gbé ohùn ẹni tí ó ń pè jìnnà ju ibi tí agogo àti ìlù lè gbé e dé ni. A kọ́kọ́ wo òpó tí ìdáwó dúró lé láàárín Yorùbá, a fi wé àpẹẹrẹ méjì tí ó gba ayé kan, a tọ́ka sí ewu tí ó wà níbẹ̀, a sì dábàá ìlànà tí olùkọ́ lè tẹ̀ lé ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Kò ní pẹ́ tí olùkọ́ tuntun yóò fi rí ìtumọ̀ òwe yìí ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n bá gbé e lọ. Yóò bá yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí òjò ń rọ̀ sí, yóò bá ọmọ tí orí rẹ̀ pé ṣùgbọ́n tí òbí rẹ̀ kò rí owó ìdánwò ìwé mẹ́wàá san, yóò sì bá ọmọ tí àìsàn dá dúró sí ilé. Ní àtijọ́, ààfin ọba, ilé ìjọsìn àti ìpàdé òbí ni olùkọ́ máa ń gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lónìí, ó lè gbé e jáde láti orí fóònù ọwọ́ rẹ̀. Ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Facebook ṣí ìlẹ̀kùn fún gbogbo ayé ní 2006. WhatsApp sì bẹ̀rẹ̀ ní 2009. Ìran kan kò tíì kọjá tí ọ̀nà ìpàdé wa fi yí padà.

Ìbéèrè méjì ni iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn. Kí ni ó ń mú kí ẹni tí kò rí wa sójú fi owó rẹ̀ ránṣẹ́? Kí sì ni ó yẹ kí olùkọ́ ṣe kí owó náà má baà di ẹ̀sín fún òun, fún ilé-ẹ̀kọ́ àti fún ọmọ tí a torí rẹ̀ dá a?

2.0 Ìdáwó Láàárín Yorùbá

Àjùmọ̀ṣe kì í ṣe àjèjì sí wa. Nínú àáró, àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ a máa ro oko ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí yóò fi yí gbogbo wọn ká. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí ó ní iṣẹ́ ńlá, bíi ilé kíkọ́, a máa bẹ ará àti ọ̀rẹ́, a sì fi oúnjẹ àti ohun mímu ṣe wọ́n lálejò. Nínú èésú, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń dá iye kan náà, ẹnì kan sì ń kó gbogbo rẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Irú ẹ̀mí yìí ni àwọn ìlú fi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Àpẹẹrẹ kan ni Ilesa Grammar School, tí Ẹgbẹ́ Àtúnlùṣe dá sílẹ̀ ní Iléṣà ní ọdún 1934.

Bí a bá wò ó fínnífínní, òpó mẹ́ta ni gbogbo ètò wọ̀nyí dúró lé. Èkíní, a mọ ẹni tí ó ń pè wá: a mọ ilé bàbá rẹ̀. Èkejì, a mọ ohun tí a fẹ́ ṣe: oko náà wà níbẹ̀, ilé náà wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, ìṣirò wà ní gbangba. Olórí èésú tí ó bá jẹ owó ẹgbẹ́ kò ní lè gba àárín ọjà kọjá ní ọjọ́ kejì. Ìtìjú ni ọlọ́pàá tí ń ṣọ́ owó náà.

3.0 Ohun Tí Ìkànnì Yí Padà

Ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ fi ohun mẹ́ta kún ìdáwó. Ó fi ọ̀nà jíjìn kún un: ọmọ ìlú tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston lè gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílé ní òwúrọ̀. Ó fi ìyára kún un. Ó sì fi ojú kún un, nítorí pé àwòrán àti fídíò ń fi ohun tí ẹnu kò lè sọ tán hàn.

Ṣùgbọ́n bí ó ti ń fúnni ni ó ń gbà. Iṣẹ́ tí a fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lè kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí tí kò fi ní sí ẹni tí ó mọ ẹni tí ó kọ ọ́ mọ́. Láti ọdún 2019 ni ilé-iṣẹ́ náà ti dín iye ibi tí ènìyàn lè darí iṣẹ́ kan sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kù sí márùn-ún, nítorí irọ́ tí ó ń tàn kálẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ tí kò ní déètì a máa yí ká fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún lè ti gbádùn, ó sì lè ti kú, kí àwòrán rẹ̀ ṣì máa tọrọ owó kiri. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìkànnì ńlá ń fi ohun tí ènìyàn ń dáhùn sí jù lọ hàn ní iwájú. Èyí kò sọ pé òun ni àìní rẹ̀ pọ̀ jù. Òpó mẹ́ta tí a mẹ́nu bà lókè ni ó ń mì níhìn-ín. Ẹni tí ó bá fẹ́ dáwó lórí ìkànnì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún wọn rì.

4.0 Àpẹẹrẹ Méjì

4.1 Omi Yìnyín ti Ọdún 2014

Ní àárín ọdún 2014, àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í da garawa omi yìnyín lé orí ara wọn, wọ́n sì ń fi fídíò rẹ̀ sí ìkànnì. Ẹni tí ó bá ti da tirẹ̀ yóò dárúkọ ẹni mẹ́ta mìíràn pé kí wọ́n da omi láàárín wákàtí 24 tàbí kí wọ́n dáwó. Ọ̀pọ̀ ni ó ṣe méjèèjì. Ohun tí wọ́n ń dáwó fún ni ALS, àìsàn tí ó ń ba iṣan tí ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí ẹran ara jẹ́, títí aláìsàn kò fi ní lè rìn, kò ní lè sọ̀rọ̀, kò sì ní lè mí dáadáa. Pete Frates àti Pat Quinn, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí àìsàn náà ń bá fínra, wà lára àwọn tí wọ́n mú kí ó gbalẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 115 dọ́là ni ó wọlé fún ALS Association. Ẹgbẹ́ náà kéde pé mílíọ̀nù 77 nínú rẹ̀ lọ sí ìwádìí. Ní 2016, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí owó náà ràn lọ́wọ́ kéde pé wọ́n ti rí ọwọ́ jíìnì kan, NEK1, nínú àìsàn náà.

A ṣe àkíyèsí pé orúkọ pípè ni agbára ètò yìí. Ẹni tí ó bá ti lọ síbi ìkówójọ ní ìlú wa mọ̀ pé ìgbà tí a bá pe orúkọ ènìyàn láàárín àwùjọ ni ọwọ́ rẹ̀ ń wọ àpò. Ẹ̀wẹ̀, nígbà tí wọ́n tún ṣe é ní 2015, owó tí ó wọlé kò sún mọ́ ti ọdún àkọ́kọ́ rárá. Ohun àrà a máa pe èrò jọ, ṣùgbọ́n kì í dá wọn dúró.

4.2 Ayò Ṣẹ́ẹ̀sì ti Ọdún 2024

Àpẹẹrẹ kejì sún mọ́ wa. Ní 2018, Túndé Ọ̀nàkọ̀yà dá ẹgbẹ́ Chess in Slums Africa sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ aláìní ní ayò ṣẹ́ẹ̀sì ní Májídùn, ní agbègbè Ìkòròdú. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà dé Mákòkó, ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí ń sùn lábẹ́ afárá ní Òṣòdì. Ní gbogbo àkókò yìí, orí ìkànnì ni ó ti ń fi iṣẹ́ náà hàn. Láti ọjọ́ 17 sí ọjọ́ 20, oṣù kẹrin, ọdún 2024, ó ta ayò fún wákàtí 60 ní Times Square ní New York, òun àti Shawn Martinez, láti wá mílíọ̀nù kan dọ́là fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ń gbé níbẹ̀ jáde wá dúró tì í. Àwọn tí wọ́n wà nílé ń wò ó lórí fóònù, wọ́n sì ń pín in kiri.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rí wákàtí 60 náà. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ rí ni ọdún mẹ́fà tí ó ṣáájú wọn. Nígbà tí ó tó àkókò láti tọrọ, àwọn ènìyàn ti mọ̀ ọ́n, wọ́n ti mọ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ti rí ọmọ tí ó jàǹfààní. Òpó mẹ́ta ti wà ní ìdúró kí ó tó fi òrùlé lé e.

5.0 Ewu Tí Ó Wà Níbẹ̀

Ewu àkọ́kọ́ ni ẹ̀tàn. Ọ̀bàyéjẹ́ lè jí àwòrán ọmọ aláìsàn, kí ó yí nọ́ńbà àkáǹtì padà, kí ó sì máa gba owó. Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Kọ̀ǹpútà ti ọdún 2015 lè mú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kì í tún ọkàn tí ó ti bàjẹ́ ṣe. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀bẹ̀ èké gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ yóò di ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àyà nígbà tí olóòótọ́ bá dé. Ọmọ kejì, tí kò mọ ọwọ́ mọ́ ẹsẹ̀, ni yóò san gbèsè náà.

Ewu kejì ni iyì ọmọ. Àwòrán ọmọ tí ó ń sunkún nínú aṣọ àkísà a máa yára mú owó wá, ṣùgbọ́n àwòrán náà kò ní kúrò lórí ayélujára nígbà tí ọmọ náà bá di àgbàlagbà tí ó ń wá iṣẹ́ tàbí tí ó fẹ́ gbéyàwó. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 náà sì dáàbò bo ìsọfúnni nípa ara ẹni. Yorùbá pẹ̀lú ti mọ̀ pé ìkúnlápá ìtìjú ń bẹ nínú oore tí a fi ń ṣe fọ́nńté. Àṣírí bíbò wà lára oore.

6.0 Ìlànà fún Olùkọ́

Ẹ jẹ́ kí á gbà pé ìjì ṣí òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ kan. Ẹ̀bẹ̀ tí a lè kọ nìyí:

“Ìjì ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2025 ṣí òrùlé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ méjì ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ọmọ 83 ń kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ igi. ₦1,500,000 ni a nílò: páànù, ₦900,000, pákó, ₦400,000, ìṣó àti owó iṣẹ́ káfíńtà, ₦200,000. Àkáǹtì ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ni kí ẹ san owó sí. Ẹni mẹ́ta ni yóò fọwọ́ sí i kí ó tó jáde. A ó pa ìdáwó dé ní ọjọ́ 30, oṣù kẹrin, ọdún 2025. Ní ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan ni a ó máa ròyìn iye tí ó wọlé. Bí owó bá ṣẹ́ kù, àga àwọn ọmọ ni a ó fi rà. Ẹni tí ó bá fẹ́ wá fi ojú ara rẹ̀ rí i, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́.”

Ìlànà tí ẹ̀bẹ̀ yìí tẹ̀ lé nìwọ̀nyí:

(i) Kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti òbí fọwọ́ sí i kí a tó gbé e jáde. Kí olùkọ́ má ṣe lo àkáǹtì ara rẹ̀ láéláé.

(ii) Kí iye owó àti ohun tí a fẹ́ fi ṣe hàn kedere, kí déètì ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí sì wà níbẹ̀.

(iii) Kí a ya àwòrán òrùlé, kí a má ya ojú ọmọ. Bí ó bá di dandan kí ojú ọmọ hàn, kí òbí àti ọmọ náà mọ ibi tí àwòrán ń lọ, kí wọ́n sì gbà.

(iv) Kí a kọ ọ́ ní Yorùbá tí ó ní àmì ohùn, kí a sì gba ohùn sílẹ̀ pẹ̀lú. Ìyá tí kò mọ̀wé kà ní ọjà lè fetí sí ohùn. Ó sì lè dá ₦500 tí yóò mú ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́wàá wá.

(v) Kí a kọ́kọ́ pe àwọn tí wọ́n mọ̀ wá ní orúkọ, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a tó pe gbogbo ayé. Ẹni tí ó bá rí i pé ará ilé ti dá tiwọn ni yóò gba ẹ̀bẹ̀ náà gbọ́.

(vi) Kí a fi rìsíìtì àti àwòrán òrùlé tuntun hàn ní ibi kan náà tí a ti bẹ̀bẹ̀, kí a sì dúpẹ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti fi hàn pé ìdáwó orí ìkànnì kì í ṣe ohun tuntun pátápátá. Àáró, ọ̀wẹ̀ àti èésú ti kọ́ wa pé ẹni mímọ̀, iṣẹ́ mímọ̀ àti ìṣirò gbangba ni ó ń mú kí ọwọ́ jáde. Fóònù kò sọ ọ̀kankan nínú wọn di aláìwúlò. Ńṣe ni ó sọ wọ́n di kò-ṣeé-má-nìí. A dábàá pé kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni fi kíkọ irú ẹ̀bẹ̀ yìí àti ìròyìn owó rẹ̀ kún iṣẹ́ àròkọ àti lẹ́tà kíkọ, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ tí a kò kọ́ níhìn-ín yóò lọ fi ọmọ ọlọ́mọ kọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ kan ni òrùlé ń ṣí. Orúkọ rere tí a ó fi bò ó kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan.