Ọjọ́ Tí Èmi àti Àkọ́bí Mi Gun Òkè Olúmọ

Ẹ̀yin ìyá ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Nígbà wo ni ẹ jókòó ti ọmọbìnrin yín gbẹ̀yìn láìrán an níṣẹ́? N kò wí pé ẹ jọ wà nínú ilé kan náà. Ìjókòó tí ẹ kò ti sọ pé kí ó gbé ọmọ wá, kí ó wá ìbọ̀sẹ̀ àbúrò rẹ̀, kí ó lọ wo ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn, ni mo ń wí. Nígbà tí mo bi ara mi ní ìbéèrè yìí, n kò rí èsì fọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni àkọ́bí mi nígbà náà, àwọn ìbejì tí ó tẹ̀lé e kò sì tíì pé ọdún méjì. Láti ọjọ́ tí mo ti bí wọn ni kò ti sí ẹni tí ó tún fi orúkọ àkọ́bí mi pè mí mọ́. Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Ní òpin sáà ẹ̀kọ́ kan, olùkọ́ ọmọ náà kọ̀wé pé kì í fara balẹ̀, pé ohun tí a kọ sójú pátákó ọ̀tọ̀, ohun tí òun ń dà kọ sínú ìwé ọ̀tọ̀. Mo bá a wí. Kí n má parọ́, mo nà án. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ìmọ̀ ìtọ́jú ilé àti ọmọ nìyẹn o! Láti ìgbà náà ni ọmọ náà kò ti bá mi sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ mọ́. Ìyá ọkọ mi ni ó pè mí sí kọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kan, tí ó ní, “Ìyá Ìbejì, o ń tọ́jú ìbejì, o ṣeun. Ọmọ tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ìyá ńkọ́?”

Mo fi ìbejì sílẹ̀ fún un ní ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti àkọ́bí mi sì lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mọ́níyà, ní Ìbàdàn. Ọdún 2021 ni ojú irin tuntun yìí bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Èkó àti Ìbàdàn, Abẹ́òkúta sì wà lójú ọ̀nà. Mo gbé ìrẹsì àti dòdò sínú fúláàsì, mo mú omi dání, mo pa fóònù mi, mo sì jù ú sí ìsàlẹ̀ báàgì. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Abẹ́òkúta, èyí tí a fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sọ, mo ní kí ó ka orúkọ tí a kọ sára ilé náà fún mi. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ̀yin ẹ kà á.” Ọ̀lẹ ni mo pè é nínú ọkàn mi.

Òkè Olúmọ kì í ṣe òkúta lásán lójú àwọn Ẹ̀gbá. Nígbà tí ogun tú wọn ká, tí Ṣódẹkẹ́ sì kó wọn dé ibẹ̀ ní ọdún 1830, abẹ́ òkúta náà ni wọ́n sá pamọ́ sí, ibẹ̀ ni ìlú sì ti gba orúkọ rẹ̀. Àwọn kòtò róbótó wà lára òkúta nínú ihò àpáta náà, níbi tí àwọn obìnrin ti ń lọ oúnjẹ nígbà tí ogun le. Mo ti múra láti fi ìtàn yìí kọ́ ọmọ mi lẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n òun ni ó kúnlẹ̀, tí ó ti ọwọ́ bọ inú kòtò kan, tí ó ní, “Mọ́mì, àwọn ọmọ ọwọ́ ńkọ́? Ṣé wọn kì í sunkún kí àwọn ọ̀tá gbọ́ ni?” N kò rò ó rí. Ọmọ tí ó ń pọn ìbejì lójoojúmọ́ ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lè sọ sí lọ́kàn.

A gun àtẹ̀gùn títí a fi dé orí òkè. Gbogbo Abẹ́òkúta tẹ́ lọ pẹrẹsẹ nísàlẹ̀, òrùlé páànù tí ó ti dípata lọ súà. Mo nàka, mo ní, “Wo Odò Ògùn lọ́hùn-ún. Wo ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Aké, èyí tí wọ́n ń pè ní ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ṣé o rí i?” Ó ní òun rí i. Ohùn rẹ̀ yá jù. Mo ní kí ó fi hàn mí. Ó nàka sí ibi tí kò sí nǹkan kan bí kò ṣe igi. Mo bi í pé kí ni ó rí níbẹ̀. Ó dákẹ́, ó wojú mi, ó ní, “Mọ́mì, ẹ má bínú. Gbogbo rẹ̀ rí bí èéfín ni.”

Ẹsẹ̀ mi kò gbà mí mọ́. Mo jókòó sórí òkúta. Mo bi í bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni pátákó ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń rí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ìwé ẹni tí ó jókòó tì òun ni òun ń wò kọ, bí wọ́n bá sì lé òun kúrò níbẹ̀, òun a kọ ohun tí òun bá rò pé ó jẹ́. Kí ló dé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni? Ó ní òun rò pé bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ríran nìyẹn, pé àwọn yòókù kàn gbọ́n ju òun lọ ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó forí jì mí. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò wí pé ìyá kì í bẹ ọmọ. Mo bẹ̀ ẹ́.

Láti orí òkè, a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọjà Ìtòkú, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ta àdìrẹ. (Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní òkè òkun tí wọ́n sì ń pè ní àdìrẹ, èmi kò kà á mọ́ àdìrẹ o.) Ọmọ tí kò rí ṣọ́ọ̀ṣì gbé àdìrẹ alábẹ́rẹ́ kan sún mọ́ imú, ó sì fi ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ti fò hàn ìyá tí ó ni ọjà. Obìnrin náà ní, “Há! Ojú ọmọ yìí mà mú o!” Ẹ̀rín àti ẹkún pàdé lójú mi. A ra ọ̀pá méjì, a wá ibi ìbòòji jókòó sí, a jẹ ìrẹsì wa, ọmọ tí ó ti dijú ọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí wá sì ń sọ̀rọ̀ títí ọkọ̀ wa fi dé: orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, orúkọ ẹni tí ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ìdí tí kò fi fẹ́ràn Ọjọ́ Ajé.

Àìríran jìnnà yìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ẹyinjú ni ó sábà máa ń gùn ju bí ó ti yẹ lọ, tí ohun tí ó jìnnà kò fi hàn kedere. Ẹ ṣọ́ ọmọ tí ó bá ń fún ojú pọ̀ kí ó tó ríran, tí ó ń lọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n gan-an, tí ó ń gbé ìwé sún mọ́ ojú, tàbí tí orí ń fọ́ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ẹ má ṣe kán ìtọ̀, omi ṣúgà tàbí oje ewé sí i lójú. Ìbàjẹ́ ni wọ́n ń fi kún un. Ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ìtọ́jú ojú ni kí ẹ mú un lọ. Irọ́ ni pé awò ojú tí ó bá a mu yóò tún ba ojú rẹ̀ jẹ́. Àwọn olùwádìí tilẹ̀ ti rí i pé àìsàn yìí kì í sábà mú àwọn ọmọ tí ó ń ṣeré níta dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, fún bíi wákàtí méjì lójúmọ́, tó àwọn tí ó ń jókòó sínú ilé.

Kò di dandan kí ẹ lọ sí Abẹ́òkúta. Ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn dára, oko ìyá àgbà dára. Ohun tí kò yẹ kí ó bá yín lọ ni ọmọ kejì, nítorí bí ó bá ti wà níbẹ̀, ẹ ó tún rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níṣẹ́.

Ní ọjọ́ tí a gba awò rẹ̀, a wọ mọ́tò ní Mọ́kọ́lá. Ó ka pátákó àwọn aránṣọ, ó ka ti onídìrí, ó ka ti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọkọ̀ tí ó wà níwájú wa. Nígbà tí a ó fi dé Sángo, awakọ̀ bojú wẹ̀yìn, ó bi mí bóyá ọmọ mi kì í rẹ̀. Mo ní kí ó jẹ́ kí ó máa kà á lọ.