Orúkọ Tí Ó Há Sínú Dísíkẹ́ẹ̀tì

Ní ọdún 1998, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì ń lọ sí ọdún méjì, àwa ìgbìmọ̀ ìjọ ní Ìlogbò-Èkìtì rí i pé ikán ti wọ ìwé ìrìbọmi wa. A gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹnì kan tí ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé ní Adó, ó sì kó gbogbo orúkọ náà sínú dísíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Inú wa dùn: ikán kò jẹ ike.

Àwo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni dísíkẹ́ẹ̀tì, a fi ẹ̀búbú irin kùn ún, agbára òòfà ni a sì fi ń kọ nǹkan sí i. IBM mú un jáde ní 1971, ó fẹ̀ ní ínṣì 8. Sony ṣe ti ínṣì 3 àti ààbọ̀ ní 1981. Èyí tí a mọ̀ ní Èkìtì níhìn-ín lè gba lẹ́tà bí mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Ṣùgbọ́n ní 1998 kan náà tí àwa ń yọ̀, Apple gbé kọ̀ǹpútà iMac jáde láìsí ihò tí a ó ti í sí. Síídì gba ipò rẹ̀, fíláàṣì sì tẹ̀ lé e. Ní 2011, Sony dáwọ́ títà rẹ̀ dúró ní Jàpáànù.

Ní ọdún tí ó kọjá, ìyá kan wá béèrè ẹ̀rí ìrìbọmi ọmọ rẹ̀ tí ń bẹ ní òkè òkun. Ikán ti jẹ ìwé náà tán. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí a gbé dísíkẹ́ẹ̀tì fún yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, “Bàbá, ibo ni wọ́n ń kì í bọ̀?” Oṣù méjì kọjá kí a tó rí ẹ̀rọ tí ó lè kà á, ní Ìbàdàn. Èkíní ti bu nítorí ọ̀rinrin; a kò rí ohunkóhun níbẹ̀. Èkejì ṣí, ṣùgbọ́n irú lẹ́tà tí a fi tẹ̀ ẹ́ kò sí nínú kọ̀ǹpútà òní mọ́. Níbi tí ó yẹ kí ẹ àti ọ wà, àmì dọ́là àti ìlà wíwọ́ ni a bá. Àwọn àgbà ìjọ jókòó ní ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ń bi ara wọn pé, “Ọmọ ta ni èyí?” Nínú ẹ̀kẹta ni a ti rí ọmọ ìyá náà, ọpẹ́ ni!

A ti fi tàdáwà kọ wọ́n sínú ìwé ńlá, a sì fi wọ́n sínú fíláàṣì pẹ̀lú. Fíláàṣì kò gbọ́dọ̀ sùn sínú àpótí títí láé, nítorí iná tí ó fi ń rántí nǹkan a máa jò dànù; akọ̀wé ìjọ yóò máa ṣe ẹ̀dà tuntun ní oṣù Kínní ọdọọdún.

Ti àwo kìn-ín-ní ni ó kù, láti 1952 dé 1961, nínú èyí tí orúkọ àwọn ìyá àti bàbá wa wà. Ojú ewé wọn ṣì ṣófo. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní káàdì ìrìbọmi ọdún wọ̀nyí nílé, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá kí a fi ṣe ẹ̀dà.