Òkèèrè lolójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun: Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tún iṣẹ́ fíìmù ọmọlangidi ṣe

Bí ènìyàn bá rí ọmọlangidi tó ń rìn, tó ń rẹ́rìn-ín nínú fíìmù, ó lè rò pé ẹ̀rọ ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ló ń sún un. Wọn yóò ya fọ́tò rẹ̀ kan, wọn yóò sún ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, wọn yóò sì tún ya òmíràn. Bí wọ́n bá to àwọn fọ́tò náà tẹ̀léra, tí wọ́n ń yára kọjá lójú, yóò dà bí ẹni pé ọmọlangidi náà ní ẹ̀mí. Irú fíìmù yìí ni wọ́n ń pè ní stop motion.

Fọ́tò 24 ló ń kọjá lójú òǹwòran ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó já sí 1,440 fún ìṣẹ́jú kan péré. Bí wọ́n bá tilẹ̀ lo fọ́tò kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ wọn ti máa ń ṣe, ìgbà 720 ni wọn yóò ṣì sún un. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Òṣèré tó bá ṣì í lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n bí ọmọlangidi bá ṣubú lẹ́yìn igba fọ́tò, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó dá a padà sí ojú ibi tó wà gan-an. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ lè tipa bẹ́ẹ̀ bọ́ sómi.

Nígbà tí Willis O'Brien ń sún ọmọlangidi inú King Kong, tó jáde lọ́dún 1933, kò sí ẹ̀rọ tó lè fi ohun tó ti yà hàn án lójú ẹsẹ̀. Àfi kí wọ́n fọ fíìmù tán kó tó mọ àṣìṣe rẹ̀.

Lóde òní, orí kọ̀ǹpútà ni ètò ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò gba ohùn àwọn òṣèré sílẹ̀, wọn yóò to àwòrán ìtàn náà mọ́ ohùn wọ̀nyí, wọn yóò sì wò ó látòkè délẹ̀. Animatic ni wọ́n ń pe èyí. Bí àwòrán ilé ló rí, èyí tí bírìkìlà ń wò kó tó to búlọ́ọ̀kù. Ibi tó bá gùn jù, wọn a gé e kúrò nígbà tí kò tíì náni lówó.

Lẹ́yìn náà, wọn yóò tú ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré sórí X-sheet, níbi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti dúró fún fọ́tò kan. Bí ọmọlangidi bá fẹ́ pe "bàbá", ibẹ̀ ni wọn yóò ti rí fọ́tò tí ètè rẹ̀ yóò pa dé àti èyí tí yóò là.

Nídìí tábìlì iṣẹ́, ètò kọ̀ǹpútà bíi Dragonframe máa ń fi fọ́tò tí wọ́n yà gbẹ̀yìn hàn fírífírí lórí èyí tí wọ́n fẹ́ yà, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe sún un tó. Kámẹ́rà fọ́tò dígítà ni wọ́n fi ya Corpse Bride, tó jáde lọ́dún 2005. Nígbà tó di ọdún 2009, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ya ojú àwọn ọmọlangidi inú Coraline kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ wọ́n jáde.

Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọwọ́. Ó kàn ń jẹ́ kí oníṣẹ́ rí àṣìṣe kó tó dé ibẹ̀ ni. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín ṣì fi ń gungi.