Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Àlàáfíà Ọkàn Ọmọ-Ọwọ́ àti fún Iṣẹ́ Àwọn Tí Ń Ran Ìyá Ìkókó Lọ́wọ́ Ládùúgbò

Bí nọ́ọ̀sì bá wọ ilé ọlọ́mọ tuntun, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni ìdodo ọmọ, ìwọ̀n rẹ̀ àti ọmú ìyá. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ní orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ni ẹ̀ka ìmọ̀ kan ti ń gbilẹ̀ tí ó fi ìbéèrè mìíràn kún ti àtẹ̀yìnwá: báwo ni ọkàn ọmọ náà ti rí, báwo sì ni ti ẹni tí ó gbé e lọ́wọ́? Agbẹ̀bí, nọ́ọ̀sì, oníṣègùn àrùn ọpọlọ, òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́dé àti olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n jọ pín iṣẹ́ náà ṣe. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wọn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi ń bá ọ̀pọ̀ ìyá sọ̀rọ̀. Àkójọ èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, dá lórí ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ìṣègùn kò sí nínú ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí ó bá kọ́kọ́ wá sẹ́nu ni oníkálùkù ń lò, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ a sì máa lé ìyá jìnnà sí ẹni tí ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́.

Orúkọ ẹ̀ka ìmọ̀ náà gan-an ni ìṣòro àkọ́kọ́. “Ìlera ọpọlọ” ni àwọn oníròyìn sábà máa ń lò fún ti àgbàlagbà, kò sì burú púpọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú agbárí ni ọpọlọ lójú Yorùbá, “àrùn ọpọlọ” kò sì jìnnà sí wèrè ní etí ará ìlú. Ìyá tí wọ́n bá sọ fún pé wọ́n fẹ́ yẹ ìlera ọpọlọ ọmọ rẹ̀ wò yóò ronú kan gìrì tàbí warápá, tàbí kí ó máa bi ara rẹ̀ léèrè ìgbà tí ọmọ náà ṣubú. “Ìlera ọkàn” sàn díẹ̀, àmọ́ ọkàn kan náà ni dókítà ń tọ́ka sí nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru. Ohun tí àwọn onímọ̀ yìí ní lọ́kàn kò bẹ̀rẹ̀ láti orí àrùn rárá. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò lára ọmọ, láti ọjọ́ ìbí títí tí yóò fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́ta: bí ó ti ń mọ ìbẹ̀rù, ayọ̀ àti ìbínú lára tí ó sì ń fi wọ́n hàn, bí ó ti ń sún mọ́ àwọn ènìyàn kan tímọ́tímọ́, àti bí ó ti ń fi ìgboyà tọwọ́ bọ nǹkan kí ó lè kọ́gbọ́n. “Àlàáfíà ọkàn ọmọ-ọwọ́” gba gbogbo èyí. Kò dìgbà tí ènìyàn bá ń ṣàìsàn kí wọ́n tó béèrè àlàáfíà rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Yorùbá ń fi í kí ara wọn. “Ìkókó” ìbá dùn ún gbọ́ ju “ọmọ-ọwọ́” lọ, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti ń rìn tẹ̀ẹ̀tẹ̀ẹ̀ kì í ṣe ìkókó mọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì ni èyí tí gbogbo ìmọ̀ yìí dúró lé lórí. John Bowlby, oníṣègùn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìròyìn kan fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1951 lórí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí wọ́n bá yà nípá kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Mary Ainsworth, tí ó ti bá a ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ sí Uganda lẹ́yìn náà. Ní 1954 àti 1955, ó ń lọ láti ilé dé ilé ní àwọn abúlé tí kò jìnnà sí Kampala, ó ń wo ìyá 26 àti ọmọ 28. Ìwé rẹ̀ lórí wọn jáde ní 1967. Ó yẹ kí olùkọ́ máa rán akẹ́kọ̀ọ́ létí èyí, nítorí pé ilẹ̀ Áfíríkà ni obìnrin yìí ti rí i kí ó tó máa dán an wò ní yàrá ìwádìí ní Amẹ́ríkà. Ohun tí ó rí kò ṣòro láti sọ: ọmọ tí ó ti ń rákòrò a fi ìyá sílẹ̀ lọ wo nǹkan, a bojú wẹ̀yìn, a tún tẹ̀ síwájú, bí àjèjì bá yọjú, kíá, ó ti padà sẹ́sẹ̀ ìyá.

Kí ni Yorùbá yóò pè é? “Ìfẹ́” ti fẹ̀ jù, ó sì sábà máa ń jẹ́ ti ìyá sí ọmọ, nígbà tí ó jẹ́ pé ìṣe ọmọ ni wọ́n ń sọ. “Ìfaramọ́” ti di ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo “àfòmọ́” kí ó rántí igi tí ń jẹ lára igi ẹlòmíràn. “Ìrọ̀mọ́” ni ó sún mọ́ ọn jù, ṣùgbọ́n ó sọ ìdajì péré: ọmọ tí ó kàn rọ̀ mọ́ ìyá, tí kò jẹ́ kúrò lára rẹ̀ lọ ṣeré, kọ́ ni ìmọ̀ yìí ń pè ní ọmọ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó gba àlọ àti àbọ̀ ni “ìsádi”. Ẹni tí ó ń sá di ènìyàn ti rìn jáde, ó ti rí ewu, ó sì mọ ibi tí òun yóò sá sí. Pé inú ìwé ẹ̀sìn ni ọ̀pọ̀ ti mọ ọ̀rọ̀ náà kò bà á jẹ́. Láti ara rẹ̀ ni “ẹni ìsádi” ti wá, èyí tí ó lè jẹ́ ìyá, bàbá, ìyá àgbà tàbí alágbàtọ́. Àti “ìsádi ìfọkànbalẹ̀”, tí ó yàtọ̀ sí “ìsádi oníyèméjì” ti ọmọ tí kò dá a lójú bóyá ilẹ̀kùn yóò ṣí.

Ìfojúsọ̀rọ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Ní 1978, Edward Tronick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ nípa ìdánwò kan: ìyá ń bá ọmọ rẹ̀ ṣeré, lójijì ó mú ojú le fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kò rẹ́rìn-ín, kò fọhùn. Ọmọ náà a rẹ́rìn-ín sí i, a nawọ́, a pariwo. Bí kò bá rí ìdáhùn, a gbójú kúrò. Ohun tí ó já lágbede-méjì wọn ni ìfojúsọ̀rọ̀. Ìyá àgbà tí ó ń ki ọmọ ní oríkì bí ó ti ń wẹ̀ ẹ́, tí ó ń dánu dúró kí ọmọ náà nara kí ó sì dáhùn, mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Kí òṣìṣẹ́ ìlera náà mọ orúkọ rẹ̀, kí ó lè yìn ín.

Ibi tí ògbufọ̀ ti lè ṣìnà jù lọ ni ọ̀rọ̀ Selma Fraiberg. Ní Ann Arbor ní ìpínlẹ̀ Michigan, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń lọ bá òbí nílé, wọn a jókòó sí ìdí tábìlì ilé ìdáná, ọmọ náà a sì wà níbẹ̀ láàárín wọn. Ní 1975 ni wọ́n tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tí àkọlé rẹ̀ fi ẹ̀mí òkú sínú yàrá ọmọ-ọwọ́. Àfiwé lásán ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ “iwin” tàbí “òkú” sílẹ̀ ní Yorùbá, òǹkàwé kò ní dúró gbọ́ ìyókù kí ó tó gba ilé aláṣọtẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí Fraiberg ń wí ni pé ìyà tí òbí jẹ ní kékeré lè tọ̀ ọ́ wá nígbà tí ó bá gbé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́, kí ó máa ṣe sí ọmọ náà bí wọ́n ti ṣe sí òun láìmọ̀. Ó sì fi kún un pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó jìyà ni ó ń fi ìyà jẹ ọmọ. Ẹni tí ó bá rántí bí ó ti dùn ún tó ni ó sábà ń bọ́. “Àpá ìgbà èwe” bá a mu, nítorí pé àpá a máa wà lára kí ìrora rẹ̀ sì ti di ìgbàgbé.

Yorùbá kúkú ti máa ń kọ irú àpá kan sórí ọmọ ní gbangba. Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójaiyé: ẹ̀rù ìyá tí ó ti sin ọmọ ṣáájú ni ó wà nínú orúkọ wọ̀nyí. Ìyá bẹ́ẹ̀ lè máa fún ọmọ lóúnjẹ kí ó máa wẹ̀ ẹ́, kí ó sì máa bẹ̀rù àtiwo ojú rẹ̀ pẹ́. Òṣìṣẹ́ tí ó bá gbọ́ orúkọ náà ti gbọ́ ìtàn náà. Kí ó wá jókòó.

Ta ni òṣìṣẹ́ náà, kí sì ni orúkọ iṣẹ́ rẹ̀? “Wolé-wolé” ti ní olówó. Ẹni tí ó ń wo ìdọ̀tí tí ó sì ń kó ìyàwó ilé lọ sí kóòtù nítorí tanwíji inú àmù ni àwọn àgbà mọ̀ sí i. Bí wọ́n bá kéde pé wolé-wolé ìlera ń bọ̀, ilẹ̀ ni ìyá ìkókó yóò kọ́kọ́ gbá. “Abẹléwò” kò sàn jù ú, nítorí pé ilé ṣì ni ó ń wò. “Abẹ̀yáwò” fi hàn pé ìyá ni wọ́n wá bẹ̀ wò. Elétí dídi lè gbọ́ ọ bí “ìyàwó”, èyí kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Pé kí ìtọ́jú bá ènìyàn láàárín ẹbí rẹ̀ kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá: láti 1954 ni T. Adéoyè Lámbò ti ń mú kí àwọn aláìsàn Àrò ní Abẹ́òkúta máa gbé ní abúlé ìtòsí, ará ilé wọn kan pẹ̀lú wọn.

Ọ̀rọ̀ tí ó léwu jù ni ti ìyá fúnra rẹ̀. Yorùbá ti ní “abísínwín”, ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ hàn lójú: ẹni tí ó bímọ tí ó sì sínwín. Àwọn Ganda ní irú rẹ̀, amakiro, tí John Cox kọ nípa rẹ̀ ní 1979. Àìsàn náà kò wọ́pọ̀, ìyá kan tàbí méjì ni ó ń mú nínú 1,000, ó sì ń fẹ́ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Òun nìkan ni kí wọ́n fi abísínwín pè. Omijé tí ń dà lójú ọ̀pọ̀ ìyá láti nǹkan bí ọjọ́ kẹta, tí ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, “ẹkún ọlọ́mọ tuntun” tó o. Èyí tí ó wà láàárín méjèèjì, tí ń gba ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, ni wọ́n sábà máa ń pè ní ìrẹ̀wẹ̀sì. Ṣùgbọ́n ìwàásù ni ìrẹ̀wẹ̀sì ń pè wá: wọn a ní kí ìyá mọ́kàn le. “Ìsoríkọ́ lẹ́yìn ìbímọ” dára jù, ojú sì ń rí i. Nínú ìwádìí kan tí Abíọ́dún Adéwùyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2005 lórí àwọn ìyá ní Iléṣà, 14.6 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní in ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ. Bí nọ́ọ̀sì bá fi abísínwín pe àwọn wọ̀nyí, kò ní rí ẹyọ kan nínú wọn mọ́. “Ẹ kú ewu ọmọ” ni gbogbo àlejò ń kí ìyá. Ìkíni náà mọ̀ pé ewu wà, síbẹ̀ ọpẹ́ ni wọ́n ń retí ní ìdáhùn. Níbo ni ìyá yóò ti sọ pé inú òun kò dùn?

Cox kan náà, pẹ̀lú Jenifer Holden àti Ruth Sagovsky, ni wọ́n gbé ìwọ̀n oníbéèrè 10 ti Edinburgh jáde ní 1987 láti fi wá ìsoríkọ́ yìí rí. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ohun tí ó jẹ mọ́ ara, bí àárẹ̀, sílẹ̀, nítorí pé kò sí ìyá tuntun tí àárẹ̀ kì í mú. Ara yìí kan náà ni Yorùbá sì fi ń sọ ìbànújẹ́: “orí mi ń gbóná”, “nǹkan ń rìn nínú orí mi”, “àyà mi ń já”. Ògbufọ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ìbéèrè kún ìwọ̀n náà. Ohun tí ó tọ́ ni kí wọ́n kọ́ abẹ̀yáwò láti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹnu ọ̀nà, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè 10 náà.

Ìbéèrè tí ó kẹ́yìn gba ìṣọ́ra. Ó ń béèrè bóyá èrò pé kí ìyá pa ara rẹ̀ lára ti wá sí i lọ́kàn. Bí wọ́n bá kọ “pa ara rẹ”, ìyá yóò sẹ́ kíákíá, nítorí èèwọ̀ ni. Bí wọ́n bá kọ “ṣe ara rẹ léṣe”, ó lè rò pé ọ̀bẹ ilé ìdáná ni wọ́n ń wí. “Èrò àtifọwọ́ ara mi ṣe ara mi ní jàǹbá” kò fi ibi tí ìyá yóò sá sí sílẹ̀, kò sì dá a lẹ́bi. Ìdáhùn mẹ́rin ni ó wà: léraléra, nígbà mìíràn, ó ṣọ̀wọ́n, rárá. “Ó ṣọ̀wọ́n” kì í ṣe “rárá”. Abẹ̀yáwò tí ó bá gbọ́ ọ kò gbọdọ̀ tíì dìde. Kí ó béèrè ìgbà tí ó wá kẹ́yìn, kí ó má sì kúrò níbẹ̀ títí ẹnìkan yóò fi wà pẹ̀lú ìyá náà, tí wọ́n sì ti mọ dókítà tí yóò rí i.