Bí a ṣe ń mọ Ọjọ́ Orí Ìbọn Àtijọ́ àti Iye Rẹ̀

Bí ẹni tí ó kọ́lé sí Fate ní Ìlọrin bá lọ kó ẹrù baba rẹ̀ tí ó dolóògbé láti agbo ilé wọn láàárín ìlú, kò ṣe é sọ ohun tí yóò bá nísàlẹ̀ àpótí. Ó lè bá ìwé ilẹ̀, tẹ̀sùbáà, wàláà, agbádá tí kòkòrò ti jẹ létí. Ó sì lè bá ìbọn. Bí ó bá jẹ́ ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta rẹ̀ ń yí po, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní rìfọ́fà, ìbéèrè méjì ni ará ilé máa ń kọ́kọ́ bi ara wọn: ó ti pẹ́ tó, èló ni yóò sì jẹ́? Ojú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dáhùn méjèèjì. Ojú sì máa ń tan ènìyàn jẹ nínú ọ̀ràn yìí.

Kí a tó wò ó rárá, kí a kà á sí ìbọn tí ó ní ọta nínú. Ẹ̀tù tí kò bá rin lè wà nínú irin fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó sì tún dún. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi iyanrìn tàbí bébà gbo ìpẹtà ara rẹ̀ kí ó lè dán. Ohun tí ẹni bẹ́ẹ̀ ń gbo dànù ni ẹ̀rí tí à ń wá.

Ọ̀nà mẹ́ta ni iná fi ń wọ inú ìbọn láti bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún wá. Ti àkọ́kọ́ ni òkúta tí ń gbá irin kí ó lè ta iná sí ẹ̀tù. Ìkejì ni fìlà bàbà kékeré tí òòlù ìbọn ń lù, tí ó dé ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Ìkẹta ni kátíríìjì, tí ó so ọta, ẹ̀tù àti iná pọ̀ sínú àpò irin kan. Rìfọ́fà tí Samuel Colt gba àṣẹ ìjọba lé lórí ní Amẹ́ríkà ní 1836 ń lo fìlà. Èyí tí Smith àti Wesson gbé jáde ní 1857 ń lo kátíríìjì. Ní ilẹ̀ Òyìnbó, ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti fi díwọ̀n ọjọ́ orí ìbọn.

Kò tó ní ilẹ̀ tiwa. Nígbà ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń gbé Èkó fi ìbọn tuntun tí a ń ti ìdí kì ránṣẹ́ sí àwọn ará wọn lójú ogun, àwọn Ìbàdàn sì rí ìyàtọ̀ rẹ̀ láìpẹ́. Àwọn ìjọba Yúróòpù kò fẹ́ kí irú rẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn Áfíríkà. Nínú ìwé àdéhùn tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ní Brussels ní 1890, wọ́n ṣòfin pé kí a má tún kó irú ìbọn bẹ́ẹ̀ wá tà fún gbogbo ènìyàn mọ́; ìbọn olókùúta ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Báyìí ni àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú Birmingham àti Liège ṣe ń rọ ìbọn olókùúta ránṣẹ́ sí etíkun wa fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn tí ọmọ ogun ilẹ̀ wọn ti gbàgbé rẹ̀. Ṣakabùlà tí ìrísí rẹ̀ jọ ti ìgbà ogun Ọ̀yọ́ àtijọ́ lè jẹ́ ọmọ sẹ́ńtúrì ogún.

Àmì tí a lù sára irin ni ó ń sọ òtítọ́. Ilé ìdánwò ìbọn Birmingham, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1813, ń lu òǹtẹ̀ sára ọ̀pá ìbọn tí ó bá yege. Bí a bá rí adé tí lẹ́tà BP tàbí BV wà lábẹ́ rẹ̀, ìbọn náà kò ṣáájú 1904, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkúta ni ó ń lò. Ti Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni lẹ́tà ELG nínú òbìrí tí ó rí bí ẹyin. Bí adé bá wà lórí òbìrí náà, ó ti di 1893 tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ pẹ̀lú a máa sọ̀rọ̀. Ìbọn tí a kọ Webley & Scott sí lára kò lè ṣáájú 1897, nítorí ọdún náà ni ilé iṣẹ́ náà gba orúkọ yẹn. Lára Webley irú kẹfà, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà fún ọmọ ogun wọn ní 1915, a máa ń rí ọdún tí a rọ ọ́ gan-an. Ọfà ẹlẹ́nu gbọọrọ sì fi hàn pé ohun ìní ìjọba ni ín rí.

Èyí wúlò ní Ìlọrin ju ibòmíràn lọ. Ní oṣù Kejì ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, tí Goldie ṣáájú wọn, ti Bídà wá sí Ìlọrin. Àwọn ẹlẹ́ṣin jáde pàdé wọn, ìbọn Maxim àti àgbá sì dá wọn padà. Ìtàn tí ó rọrùn jù lọ láti pa lórí rìfọ́fà inú àpótí ni pé baba ńlá ẹni gbà á lọ́wọ́ Òyìnbó ní ọjọ́ náà. Ìtàn náà lè jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ Webley irú kẹfà, kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sàn kí a béèrè ta ni nínú ẹbí tí ó lọ sí ogun Hitler tàbí tí ó ṣe ọlọ́pàá. Kì í ṣe ìtìjú pé ìtàn yí padà; baba mìíràn ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yẹn.

Ní ti iye, irin kọ́ ni a ń rà. Ní 1873, ní Brussels, akéwì Faransé kan, Paul Verlaine, yìnbọn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ Arthur Rimbaud, akéwì bíi tirẹ̀, ó sì bà á ní ọrùn ọwọ́. Rìfọ́fà kékeré tí ó pọ̀ lọ́jà ni. Ní 2016, wọ́n gbé e ta ní gbàǹjo ní Paris ní 434,500 yúrò, nítorí pé nọ́ḿbà ara rẹ̀ bá ti inú ìwé ọlọ́jà tí ó tà á mu. Láìsí ìwé yẹn, kì bá tí pa irú owó bẹ́ẹ̀.

Ìbànújẹ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó wà ní Fate kò lè gbé tirẹ̀ lọ sí gbàǹjo. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ ka ìbọn tí a rọ títí di 1898 sí ohun àtijọ́, ó sì yọ ọ́ sọ́tọ̀. Òfin Ìbọn ti Nàìjíríà, ti 1959, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi ṣakabùlà sí ìsọ̀rí àwọn tí ènìyàn lè gba ìwé àṣẹ fún. Ṣùgbọ́n ìbọn ìléwọ́ gbogbo, àní olókùúta àti onífìlà, wà nínú ìsọ̀rí tí a kà léèwọ̀, àfi bí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìtanràn kékeré. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ń bẹ níbẹ̀. Ẹ̀rù èyí ni ó lè mú kí ẹbí sọ ọ́ sí odò lóru, tí àmì, nọ́ḿbà àti ìtàn yóò sì bá a rì.

Ọ̀nà tí ó sàn ni kí ẹbí wá agbẹjọ́rò tí yóò bá wọn fi tó ọlọ́pàá létí, kí wọ́n sì béèrè bóyá ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí lè gbà á. Èyí tí ó wà ní Èsìẹ́, tí kò jìnnà sí Ìlọrin, ti wà láti 1945, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n kí ìbọn tó kúrò nílé, kí a da gbogbo àmì ara rẹ̀ kọ bí wọ́n ti rí, pẹ̀lú nọ́ḿbà rẹ̀. Kí a kọ orúkọ ẹni tí ó ni àpótí, ibi tí ó ti ṣiṣẹ́, ọdún tí ó padà sílé, àti ohun tí àgbà obìnrin tí ó kù nínú agbo ilé náà bá rántí nípa rẹ̀.